Ta Ló Mọ Ọmọ Ju Ìyá Rẹ̀ Lọ? Ìtàn Ìwé Ìbéèrè Lórí Ìwà Àdámọ́ Ọmọdé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti ṣàkíyèsí pé kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní ohunkóhun, ọmọ náà ti ní ìṣe tirẹ̀. Ìyá kan lè bí ọmọ méjì, kí èyí àkọ́kọ́ máa sùn bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí èkejì máa ké títí àkùkọ yóò fi kọ. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, inú ilé kan náà ni wọ́n sì dàgbà sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn yìí ni mo pè ní ìwà àdámọ́ nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe ìwà rere tàbí ìwà búburú ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni bí ọmọ ṣe ń ṣe nǹkan: bóyá kíákíá ni tàbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá pẹ̀lú ariwo ni tàbí ní ìdákẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè mọ ìwà àdámọ́ ọmọ oṣù mẹ́rin tí kò tíì lè sọ̀rọ̀? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń gbà láti nǹkan bí ọdún 1970 ni pé kí wọ́n fún òbí ọmọ náà ní ìwé ìbéèrè, kí òbí sì dáhùn. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ńlá ló wà lórí ìwé náà. Ìbéèrè tí wọ́n ń jà lé lórí kan gbogbo ilé tí ọmọ wà: bí ìyá bá sọ fún wa pé báyìí ni ọmọ òun ṣe rí, ṣé kí a gbà á gbọ́?

Kí a tó lè mọ ìdí tí ìwé náà fi wáyé, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ìyá ní Amẹ́ríkà ṣáájú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1920 títí dé ọdún 1960, èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ níbẹ̀ ni pé ohun tí òbí bá ṣe fún ọmọ ni ọmọ yóò dà. John B. Watson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí tí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri nígbà náà, gbà pé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú lè sọ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá di irú ènìyàn yòówù tí a bá fẹ́. Ní ọdún 1948, Frieda Fromm-Reichmann, tó jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ, kọ̀wé pé ìwà irú àwọn ìyá kan lè wà lára ohun tó ń fa àrùn ọpọlọ tó le fún ọmọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń ké jù, bí kò bá jẹun, bí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, ìyá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó ṣe. Bí Yorùbá ṣe máa ń sọ ọ́ ni: ọmọ tó dára, ti bàbá ni, èyí tí kò dára, ti ìyá ni. Ìyá tí kò rí oorun sùn lóru ni wọ́n tún ń di ẹ̀bi rù ní òwúrọ̀.

Tọkọtaya kan wà ní ìlú New York tí ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ lọ́rùn. Stella Chess ni ìyàwó, Alexander Thomas ni ọkọ. Dókítà àrùn ọpọlọ ni àwọn méjèèjì, Chess sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Wọ́n rí i lẹ́nu iṣẹ́ wọn pé àwọn òbí kan wà tí ìtọ́jú wọn kò ní àbùkù, síbẹ̀ tí ọmọ wọn ní ìṣòro. Wọ́n tún rí àwọn òbí tó ṣe ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ọmọ wọn sì ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ní ipa tó ń kó nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Herbert Birch dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọmọ 133 ni wọ́n tẹ̀ lé láti ìgbà ọmọ ọwọ́ títí wọ́n fi di àgbà. Púpọ̀ nínú àwọn òbí náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí wọ́n rí já jẹ.

Àwọn òbí ni wọ́n lọ bi léèrè. Nínú ọdún kan ààbọ̀ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń lọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Wọn kò fi ìwé sílẹ̀ fún òbí láti kọ. Wọ́n ń jókòó tì í ni, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn ìbéèrè. Ọgbọ́n kan wà nínú bí wọ́n ṣe ń béèrè tó yẹ kí a fi sọ́kàn. Bí ìyá bá sọ pé ọmọ òun kò fẹ́ràn oúnjẹ tuntun, wọn kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò béèrè pé: kí ni ọmọ náà ṣe? Ṣé ó tu oúnjẹ náà síta ni? Ṣé ó yí orí kúrò ni, àbí ó figbe ta? Kí ni ẹ̀yin náà ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Èrò ìyá nípa ọmọ yàtọ̀ sí ohun tí ojú ìyá rí. Èyí tí ojú ìyá rí ni wọ́n ń wá.

Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ 22 àkọ́kọ́ wò fínnífínní, wọ́n rí ọ̀nà mẹ́sàn-án tí ọmọ fi ń yàtọ̀ sí ọmọ. Ọ̀nà wọ̀nyí ni bí ọmọ ṣe ń ta pọ́ún pọ́ún tó. Bóyá oorun àti ebi rẹ̀ ní àkókò. Bóyá ó ń sún mọ́ ohun tuntun tàbí ó ń sá fún un. Bó ṣe ń tètè bá ìyípadà mu. Bí ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ó tó mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹkún àti ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń le tó. Bóyá ojú rẹ̀ máa ń fani mọ́ra tàbí ó máa ń fajú ro. Bóyá nǹkan mìíràn lè tètè gba ọkàn rẹ̀. Àti bó ṣe ń pẹ́ tó lórí ohun kan. Láti inú ọ̀nà mẹ́sàn-án yìí, wọ́n rí oríṣi ọmọ mẹ́ta. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọmọ tó rọrùn láti tọ́. Nǹkan bí ìdá 10 nira láti tọ́. Nǹkan bí ìdá 15 jẹ́ ọmọ tí kì í tètè fara mọ́ ohun tuntun, ṣùgbọ́n tí yóò fara mọ́ ọn bí a bá ní sùúrù. Àwọn yòókù, tí wọ́n ju ìdá mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá, kò bọ́ sínú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ tí Chess àti Thomas fẹ́ kí ayé gbọ́ jù lọ kò sí nínú orúkọ mẹ́ta yìí. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ìwà àdámọ́ nìkan kì í fa ìṣòro, bẹ́ẹ̀ ni òbí nìkan kì í fà á. Ohun tó ṣe kókó ni bóyá ilé àti ọmọ bára mu. Wọ́n kọ nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n fún lórúkọ Carl nínú ìwé wọn. Ó wà lára àwọn tó nira jù lọ láti tọ́. Láti kékeré ni ó ti máa ń figbe ta sí ohun tuntun gbogbo, ìbáà jẹ́ omi ìwẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí oúnjẹ àkọ́kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Wọn kò bínú sí i, wọn kò sì di ẹ̀bi ru ara wọn; wọ́n ń dúró kí ó fi díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn lára. Carl dàgbà láìsí wàhálà. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ibùgbé tuntun, ọ̀rẹ́ tuntun àti iṣẹ́ tuntun dé bá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì wá bá Chess. Chess rán an létí bó ṣe máa ń ṣe sí ohun tuntun láti ìgbà ọmọdé. Kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ohun tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́ ló ràn án lọ́wọ́ nígbà tó di ọ̀dọ́langba.

Wọ́n tún ṣe irú ìwádìí kan náà láàárín ọmọ 95 tí òbí wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá láti Puerto Rico sí New York. Níbẹ̀, ọmọ tí oorun rẹ̀ kò ní àkókò kì í yọ òbí lẹ́nu kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nítorí pé àwọn òbí náà kì í fi dandan lé e pé aago báyìí ni kí ọmọ sùn. Ìgbà tí agogo ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lù ni ọ̀rọ̀ oorun tó di wàhálà. Èyí tó le fún wọn ni ọmọ tí kì í jókòó sójú kan, nítorí pé yàrá wọn kéré, òde kò sì láàbò tí ọmọ fi lè máa sáré kiri. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣòro nínú ilé kan, nǹkan kékeré ni nínú ilé mìíràn.

Ìwádìí yìí dára, ṣùgbọ́n ó gba àkókò. Ìjókòó kan pẹ̀lú òbí kan lè ju wákàtí méjì lọ. Dókítà tí èrò pọ̀ níwájú ilé ìwòsàn rẹ̀ kò lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ni William Carey, dókítà àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ronú lé lórí. Ní ọdún 1970, ó tẹ ìwé ìbéèrè kan jáde fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ìbéèrè 70 ló wà nínú rẹ̀, òbí sì lè dáhùn gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ní ọdún 1978, òun àti Sean McDevitt tún un ṣe. Ìbéèrè di 95, ìdáhùn di oríṣi mẹ́fà, láti orí ohun tí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe rí títí dé orí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe nígbà gbogbo. Ọmọ 203 ni wọ́n fi dán an wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀.

Báyìí ni ìwé dípò ìjókòó. Ohun tí a jèrè pọ̀: dókítà kan lè mọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ohun kan náà sọnù. Kò sí ẹni tó jókòó ti ìyá mọ́ láti béèrè pé kí ni ọmọ náà ṣe gan-an. Ìyá ló ń dá pinnu ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bíi "lọ́pọ̀ ìgbà" àti "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan". Mary Rothbart, ní Yunifásítì Oregon, gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí èyí. Nínú ìwé ìbéèrè tó gbé jáde ní ọdún 1981, kò bi òbí pé irú ọmọ wo ni ọmọ wọn. Ohun tí ọmọ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló béèrè, nígbà ìwẹ̀, nígbà oúnjẹ, nígbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni ènìyàn máa ń rántí dáadáa. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1979, John Bates gba ọ̀nà mìíràn. Ó bi ìyá ní tààrà pé báwo ni ọmọ yìí ṣe nira tó, nítorí ó gbà pé bí ọmọ ṣe rí lójú ìyá jẹ́ ohun tó yẹ kí a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí iyèméjì fi dé. Ní ọdún 1982, Arnold Sameroff, Ronald Seifer àti Penelope Elias tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní oṣù mẹ́rin. Wọ́n fi ìdáhùn àwọn ìyá wé ohun tí àwọn mìíràn rí nígbà tí wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n rí i pé ipò ìyá láwùjọ, àníyàn ọkàn rẹ̀ àti ìlera ọpọlọ rẹ̀ bá ìdáhùn rẹ̀ mu ju ohun tí ọmọ ń ṣe lọ. Ní ọdún 1987, Brian Vaughn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú sí i. Wọ́n wo àwọn obìnrin nígbà tí oyún ṣì wà nínú wọn, wọ́n sì rí i pé ipò ọkàn wọn nígbà náà ti ń tọ́ka sí bí wọn yóò ṣe dáhùn ìwé Carey lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ. Ìyẹn ni pé apá kan nínú ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Jerome Kagan ní Yunifásítì Harvard náà kò fọkàn tán ọ̀rọ̀ òbí. Ó ń pe àwọn ọmọ oṣù mẹ́rin wá, ó ń fi ohun tuntun hàn wọ́n, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ju apá, ju ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń ké.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyá. Ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn náà, ìyá ni wọ́n tún ń fura sí. Ṣáájú, wọ́n ní òun ló ba ọmọ jẹ́. Nísinsìnyí, wọ́n ní kò mọ ọmọ rẹ̀.

Èmi kò rò pé ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí sọ nìyẹn. Rothbart àti Bates fúnra wọn dáhùn pé kò sí ẹni tó ń rí ọmọ bí òbí rẹ̀. Ẹni tó wá wo ọmọ fún wákàtí kan kò mọ bó ṣe ń ṣe lóru, kò mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí ibà bá mú un, kò sì rí i nígbà tí àlejò bá lọ tán. Àlejò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tuntun tó lè yí ìṣe ọmọ padà. Yàrá ìwádìí náà ní àbùkù tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí sì máa ń wá láti ibi tí ẹlẹ́rìí dúró sí. Bí àárẹ̀ bá ti mú ìyá, tí kò sí ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún kékeré yóò pọ̀ létí rẹ̀. Ìwé náà sọ òótọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n òótọ́ nípa ilé ni ó sọ pọ̀ mọ́ ti ọmọ.

Ìtàn kan láti ilẹ̀ Áfíríkà fi èyí hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1974, Marten deVries lo àwọn ìbéèrè Carey láàárín àwọn Masai ní Kẹ́ńyà. Ó yan ọmọ mẹ́wàá tó rọrùn jù lọ àti ọmọ mẹ́wàá tó nira jù lọ. Ọ̀dá ńlá wà nígbà náà, màlúù ń kú, àwọn ènìyàn sì ń ṣí kiri. Nígbà tó padà wá àwọn ìdílé náà, 13 péré ló rí. Nínú ọmọ 7 tó rọrùn, 5 ti kú. Nínú ọmọ 6 tó nira, ọ̀kan péré ló kú. Iye yìí kéré, a kò sì lè fi í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú wa ronú. Láàárín àwọn Masai, ìyá máa ń fún ọmọ tó bá ké lọ́mú, wọ́n sì ka ọmọ tó ń jà fún ara rẹ̀ sí ọmọ tó dára. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ tó ń figbe ta ni ó rí mu, kí èyí tó dákẹ́ sì ti dákẹ́ jù. Ìwà tí wọ́n kọ "nira" sí ní New York lè jẹ́ ohun tó dá ẹ̀mí ọmọ sí ní Kẹ́ńyà.

Kí ni èyí kọ́ àwa tí a ń kà á níhìn-ín? Kò sí ilé tí kò ní ìwé ìbéèrè tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sórí bébà. Kí ìbejì tó mọ̀ ọ́n rìn la ti ń sọ pé Táyé ni yóò yára, pé Kẹ́hìndé ni yóò fara balẹ̀. Bí Kẹ́hìndé bá wá ń sáré kiri, a lè má rí i, nítorí pé a ti dáhùn kí a tó wò ó. Ohun tí Vaughn rí lára àwọn aláboyún Amẹ́ríkà kò jìnnà sí ohun tí àwa náà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé ìwé: bí olùkọ́ bá ti gbọ́ pé ọmọ kan le, yóò máa wá líle rẹ̀ kiri.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 1956 ti fi ọ̀nà tó dára hàn wá, ìyẹn ni pé kí a béèrè ohun tí ọmọ ṣe kí a tó sọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ilé ìwé bá fún òbí ní fọ́ọ̀mù, kí ó má kọ "olórí kunkun". Kí ó kọ pé nígbà tí a gbé oúnjẹ tuntun fún un, ó ta á nù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Olùkọ́ tó bá ka èyí yóò mọ̀ pé sùúrù ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ náà ń fẹ́. Kí olùkọ́ náà tún rántí láti béèrè bí ilé ṣe rí àti bí ara ìyá ṣe rí, kì í ṣe láti di ẹ̀bi rù ú, bí kò ṣe láti mọ ibi tó dúró sí nígbà tó ń wo ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ bíi "ọmọ tó nira" náà jẹ́ orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé dáadáa kí a tó sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.